Ìyá Mi Ti Kú, Oyún Mi Ti Wọ Oṣù Kẹfà: Ta Ni Yóò Dúró Tì Mí?

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń gbé ní Tanke, ní Ìlọrin, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, ọmọ Pàkátà ni ọkọ mi. Oyún àkọ́kọ́ mi ti wọ oṣù kẹfà. Ìyá mi ti kú. Ìyá ọkọ mi ní àwọn ẹgbẹ́ àsàlátù òun fẹ́ ṣe àdúà fún oyún náà lóṣù tó ń bọ̀, kí n sì mu hàntú, omi tí wọ́n fi fọ ẹsẹ Kùránì tí wọ́n kọ sí wàláà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó jẹ́ onígbàgbọ́ ní kí n wá máa sùn ní ilé àgbẹ̀bí ìjọ wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà fẹ́ kó àwọn ọ̀rẹ́ wa jọ lórí fóònù láti ṣe ayẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní Blessingway fún mi. Nọ́ọ̀sì ní kílíníìkì ní gbogbo rẹ̀ kò wúlò. Nítorí ayé, n kò tíì sọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi fún ẹnikẹ́ni. Èwo ni kí n gbà, èwo ni kí n kọ̀? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ìgbà tí mo bá bímọ tán tí kò sí ìyá mi níbẹ̀.”

Ọmọ mi, o kú ìtọ́jú. Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lákàtúnkà, mo sì rí i pé ìbéèrè méjì lo dì pọ̀. Àkọ́kọ́ ni èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni kò ní pa ìwọ àti ọmọ lára. Èkejì, tó o tì sí ìparí bí ẹni pé kò tó nǹkan, ni ẹni tí yóò jókòó tì ọ́. Èkejì yìí ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀, òun ni mo sì máa pẹ́ lórí rẹ̀ jù. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ní ìgboro Ìlọrin àti ní ilẹ̀ Ìgbómìnà. Mùsùlùmí ni mí, n kì í sì í pa àsàlátù ọjọ́ Àìkú jẹ. Mo mọ ohun tí nọ́ọ̀sì rẹ ń bẹ̀rù, mo sì mọ ohun tí ìyá ọkọ rẹ ń wá.

Nọ́ọ̀sì rò pé àdúà fẹ́ gba iṣẹ́ òun ṣe, ìyá ọkọ rẹ rò pé kílíníìkì fẹ́ bá Ọlọ́run du iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wọn kò pàdé. Ohun tó ń pa aláboyún jù nílẹ̀ wa ni ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbí, ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń di gìrì, àrùn tó wọ ilé ọmọ, àti ìrọbí tó há. Wo ti ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í dun ènìyàn. Aláboyún lè ná ọjà Ìpàta délẹ̀ lówùúrọ̀, kó máa bá àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, kí gìrì sì gbé e lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú lásán kò lè rí i, rọ́bà tí wọ́n ń dì mọ́ apá àti ìtọ̀ tí wọ́n ń yẹ̀ wò ló ń tú u fó. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi sọ ní 2016 pé kí aláboyún rí oníṣègùn ó kéré tán ìgbà mẹ́jọ kó tó bí, dípò mẹ́rin tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, nọ́ọ̀sì rẹ ló jàre. Má fi ayẹyẹ kankan pa ọjọ́ kílíníìkì jẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tó ní gbogbo èyí tó kù kò wúlò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kù díẹ̀ káàtó. Obìnrin tí ẹni tó fọkàn tán bá dúró tì láti ìbẹ̀rẹ̀ ìrọbí dé òpin, ìrọbí rẹ̀ sábà máa ń kúrú díẹ̀, iṣẹ́ abẹ sì máa ń dín kù. Wọ́n ti dán èyí wò lára ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ní oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè, WHO sì fọwọ́ sí i ní 2018 pé kí obìnrin kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní yàrá ìrọbí. Èyí tó tún wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ẹgbẹ́ obìnrin. Ní 2013, àwọn onímọ̀ kó àbájáde ìwádìí méje jọ láti Nepal, India, Bangladesh àti Malawi. Ní àwọn abúlé tí wọ́n ti ṣe é, obìnrin a máa pàdé lóṣooṣù, wọn a sọ ohun tójú wọn rí nígbà oyún àti ìbí, wọn a mú ìṣòro kan, wọn a sì fúnra wọn wá nǹkan ṣe sí i: ó lè jẹ́ àpò owó pàjáwìrì, ó lè jẹ́ ohun tí wọn yóò fi gbé ẹni tó ń rọbí, ó lè jẹ́ abẹ tuntun tí wọn yóò fi gé ìwọ́ ọmọ. Wọn kò nílò dókítà láàrin wọn kí wọ́n tó ṣe èyí. Níbi tí ó kéré tán 30 nínú 100 aláboyún ti ń wá sí ìpàdé náà, ikú ìyá fi nǹkan bí ìdajì dín kù, ikú ìkókó sì fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta dín kù. Ọ̀rọ̀ sísọ àti ìmúrasílẹ̀ ló ṣe é.

Wàyí o, wo ẹgbẹ́ àsàlátù ìyá ọkọ rẹ. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pàdé, ìyẹn ju oṣooṣù lọ. Wọ́n mọ ilé ara wọn, wọ́n ń dá owó, tí ẹnì kan kò bá wá, wọn a ránṣẹ́ lọ wò ó. Ìdajì iṣẹ́ tí àwọn ará Nepal ń ṣe ti wà nílẹ̀ ní Pàkátà kó o tó lóyún. Ohun tó máa ń kù ni pé wọn yóò ṣàdúà fún aláboyún, wọn yóò ṣe àmín kíkankíkan, wọn yóò sì túká láì bi í léèrè pé mọ́tò ta ni yóò gbé e lóru. Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi ni pé kó o gba àdúà náà tọwọ́tẹsẹ̀. Jókòó sí àárín wọn. Nígbà tí àwọn ìyá bá gbọ́wọ́ lé ọ lórí, tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ, ohun kan máa ń rọ̀ nínú aláboyún tí n kò rí oògùn tó ń ṣe irú rẹ̀. Èmi gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́, àmọ́ n kò ní fi ìgbàgbọ́ mi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ. Tí wọ́n bá ṣe tán, kí ìyá ọkọ rẹ bá wọn sọ ọ́ gbangba: ta ló ní mọ́tò, ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tìrẹ mu tó sì lè fi tọrẹ, ta ni yóò sùn ní ọsibítù. Ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ẹbí kì í rántí àfi nígbà tí dókítà bá ti ń pariwo. Bí obìnrin mẹ́ta tí wọ́n bá ọ mu bá ti lọ yẹ ara wọn wò ṣáájú, àdúà yẹn ti ní ẹsẹ̀ tó fi ń rìn.

Ní ti hàntú, kò sí ohun tó burú nínú kí wọ́n ka Kùránì fún ọ. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni ohun tó wà nínú tàdáà, ìyẹn yíǹkì tí wọ́n fi kọ ọ́ sí wàláà. Àwọn àáfàá kan máa ń fi èédú àti ewé ṣe tiwọn, àwọn mìíràn ń ra yíǹkì lọ́jà, oníyíǹkì kò sì ní ẹni tó máa mu ún lọ́kàn nígbà tó ń pò ó. Sọ fún ìyá ọkọ rẹ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ àáfàá kí wọ́n ka á sí omi tó mọ́, màá mu ún.” Àáfàá tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí ìyẹn. Tí wọ́n bá wá po ewé tàbí egbò mọ́ ọn, àgbo nìyẹn, kì í ṣe hàntú mọ́, kó o sì kọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àgbo ló gbé mi dé ilé àgbẹ̀bí. Má fojú kéré ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ. Ilẹ̀ wa ni ìgbàgbọ́ yìí ti ní gbòǹgbò: Odò-Ọwá, nílẹ̀ Èkìtì ti Kwara, ni wọ́n bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí ní 1904, ìjọ Àpọ́sítélì ti Kristi tí iṣẹ́ rẹ̀ bí sì fi àdúà, ààwẹ̀ àti omi ìyè tọ́jú aláboyún láti ìran dé ìran. Ohun tí àwọn ìyá àgbẹ̀bí mọ̀ ọ́n ṣe ni kí aláboyún má dá wà. Wọn a kọrin, wọn a jó, wọn a rìn, wọn a bá ọ sọ ìbẹ̀rù rẹ jáde. Ọ̀pọ̀ obìnrin sá kúrò ní ọsibítù lọ bá wọn nítorí ariwo àti èébú tí wọ́n gbà lẹ́nu àwa nọ́ọ̀sì, mo sì gbà pé ẹ̀bi wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n oyún àkọ́kọ́ ni tìrẹ, kò sí ẹni tó mọ bí ìbàdí rẹ yóò ṣe gbà á. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ya lẹ́yìn tí ọmọ jáde, ìṣẹ́jú la fi ń kà á, wákàtí kọ́. Béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbẹ̀bí náà: ìgbà wo ni wọ́n ń gbé obìnrin lọ sí ọsibítù, ọsibítù wo, mọ́tò wo? Ẹni tó bá dá ọ lóhùn kedere, agbẹ̀bí gidi ni, lọ máa kọrin pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó bá ní àwọn kì í gbé ẹnikẹ́ni lọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó o sì padà sílé. Níbi yòówù kó jẹ́, má mu àbíwẹ́rẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, àwọn ewé kan nínú irú àgbo bẹ́ẹ̀ sì lè mú kí ilé ọmọ máa sún kì lera ju bó ṣe yẹ lọ, kí atẹ́gùn ọmọ máa dín kù nínú ibẹ̀. Má gba ààwẹ̀ náà fún wọn.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ ní Amẹ́ríkà kò le. Ọ̀dọ̀ àwọn Navajo, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ni orúkọ Blessingway ti wá. Orò ńlá ni lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń fi í tọrọ ìrẹ̀pọ̀ àti àlàáfíà fún ẹni tí nǹkan ńlá bá dojú kọ, aláboyún sì wà lára wọn. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà mìíràn yá orúkọ náà fún àpèjẹ tiwọn, níbi tí ọ̀rẹ́ kọ̀ọ̀kan ti ń mú ìlẹ̀kẹ̀ kan wá tí wọn yóò sín pọ̀ fún ìyá náà, tí wọn yóò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, tí wọn yóò sì sọ̀rọ̀ ìwúrí fún un. Púpọ̀ nínú wọn ti wá ń pè é ní orúkọ mìíràn báyìí, nítorí àwọn tó ni í kò fẹ́ kí wọ́n máa lò ó bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ pè ọ́, kí wọ́n wúre fún ọ, kí wọ́n rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ. Ẹ fi orúkọ orò àwọn ẹlòmíràn sílẹ̀ fún wọn. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n fẹ́ náwó, kí wọ́n fi rán ẹni tí yóò máa fọṣọ rẹ lóṣù àkọ́kọ́.

Ní ti ayé tó ò ń bẹ̀rù, n kò ní sọ fún ọ pé kò sí ayé. Ìyá tó bí wa náà fi aṣọ bo oyún. Ṣùgbọ́n bíbo oyún lójú ọjà yàtọ̀ sí bíbò ó lójú ẹni tí yóò gbé ọ. Mo ti rí obìnrin tí ìrọbí mú lóru, tí ará ilé kejì kò mọ̀ pé oṣù rẹ̀ ti pé, tí ọkọ rẹ̀ sì wà ní ìrìn-àjò. Yan obìnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún. Sọ ọjọ́ tí wọ́n dá fún ọ fún wọn, sọ ọsibítù rẹ, sọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ, sọ ibi tí káàdì rẹ wà. Kí wọ́n mọ ohun tí wọn kò gbọ́dọ̀ dúró wò títí ilẹ̀ yóò fi mọ́: ẹ̀jẹ̀ lójú ara, orí fífọ́ tí ojú ń ṣe bàìbàì, ojú àti ọwọ́ wíwú, ibà, omi tó ya ṣáájú àsìkò, ọmọ tí kò sọ bó ṣe máa ń sọ. Àwọn tó kù lóde, jẹ́ kí wọ́n máa ṣírò.

Mo wá dé ibi tí ìyá rẹ yẹ kó wà. Ní Ìlọrin, bí ọmọ bá dé, ariwo ayọ̀ kì í dáwọ́ dúró títí di ọjọ́ kẹjọ. Ẹran á ti dé, oníwákà á ti kọrin, àwọn ìyàwó ilé á gbé ìkòkò kaná, àáfàá á pe orúkọ. Ní Òmù-Àrán, oyin, iyọ̀, obì àti omi á jáde, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ á ki ọmọ ní oríkì. Gbogbo rẹ̀ dára. Nígbà tó bá di ọjọ́ kẹsàn-án, ilé á dá. Láti ọjọ́ kẹsàn-án yẹn títí di ogójì ọjọ́ ni ibi tó ṣófo nínú àṣà wa ayé òde òní, nígbà tó jẹ́ pé nínú agbo ilé àtijọ́ kò ṣófo, torí pé ìyáalé wà ní yàrá kan, ìyàwó àbúrò ọkọ wà ní èkejì. Ìwọ ń gbé fúláàtì ní Tanke. Ibẹ̀ gan-an ni omijé máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹkún díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ wọ́pọ̀, ó sì máa ń kọjá lọ fúnra rẹ̀. Bó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí kò sí ohun tó dùn mọ́ ọ mọ́, tó ò ń wo ọmọ bí ẹrù, àìsàn ni, ó ní ìtọ́jú. Abísínwín le ju ìyẹn lọ: ẹni tó ń ṣe kò ní lè sùn bí ọmọ tilẹ̀ ń sùn, á máa bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀, ó lè ní ọmọ náà kì í ṣe tòun. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé orogún ló fi ṣe é, kí wọ́n má sì fi òun àti ọmọ nìkan sílẹ̀. Ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Àwọn obìnrin tó bá ń wọlé wọ̀de lọ́dọ̀ rẹ ló máa kọ́kọ́ rí i, nítorí ẹni tó ń ṣe kì í mọ̀.

Nítorí náà, yí ìpè ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ padà. Dípò kí ìwọ lọ sùn lọ́dọ̀ wọn ní ilé àgbẹ̀bí, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá sùn lọ́dọ̀ rẹ lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n ìyá, ìyá ni. Àwọn ló mọ oríkì tí ìyá rẹ fi ń pè ọ́, àwọn ni yóò sì kì í sí ọmọ rẹ létí nígbà tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́. N kò lè sọ pé ìyẹn yóò dí àyè ìyá rẹ, kò sí ohun tó ń dí i. Ìbànújẹ́ náà lè tún sọ nígbà tó o bá gbé ọmọ sáyà. Jẹ́ kó sọ, kó o sì sunkún lójú ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Kó o mọ̀ pé ọwọ́ tó ń ranni lọ́wọ́ náà lè ṣèèṣì pani lára. Sọ fún wọn ṣáájú. Kí omi ìwẹ̀ rẹ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má hó: mo ti tọ́jú ojú ara tó bó nítorí ìjókòó lórí omi gbígbóná. Kí wọ́n má fi káún sí ẹ̀kọ tàbí kúnú rẹ. Ní Zaria, láti àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà ti kọ̀wé nípa ìyá ìkókó tí ọkàn wọn kò lè tú ẹ̀jẹ̀ ká ara bó ṣe yẹ mọ́, tí ara wọn sì wú, lẹ́yìn ìwẹ̀ omi gbígbóná, ìdùbúlẹ̀ lórí ibùsùn alámọ̀ tí wọ́n ń dáná sí lábẹ́ àti kúnú oníkáún. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn bóyá òun nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n kò sí àǹfààní tó o máa rí níbẹ̀. Ọyàn àkọ́kọ́ tó pọ́n díẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí, ọmọ ni kó mu ún. Kí ìwọ tọ́ oyin ìsọmọlórúkọ wò dípò ọmọ, nítorí ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin. Tí wọ́n bá sì bí obìnrin, tí ẹnikẹ́ni, ìyá àgbà yòówù kó jẹ́, dárúkọ abẹ́ dídá, dúró gbọn-in, kí ọkọ rẹ sì dúró ṣáájú rẹ. Kò sí àǹfààní kankan nínú rẹ̀, òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 sì ka á sí ẹ̀ṣẹ̀. Èyí nìkan ni mo rò pé kó o jà lé lórí nínú gbogbo ohun tí mo sọ.

Wọn á tún sọ ọ̀rọ̀ ogójì ọjọ́ fún ọ. Ní ẹ̀sìn, ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ bá dá lo máa wẹ̀ tó o máa kírun, kódà bí kò tíì pé ogójì. Nínú ìlànà Màlíkì tí a ń tọ̀ ní Ìlọrin, ọgọ́ta ọjọ́ ni òpin tí a ń kà fún ẹ̀jẹ̀ ìbí. Ogójì ọjọ́ jẹ́ àṣà ìsinmi, ó sì jẹ́ àṣà tó dára, nítorí ara nílò rẹ̀. Ohun tó burú ni kí wọ́n tì ọ́ mọ́lé débi pé o kò ní lọ sí ọsibítù. WHO fẹ́ kí wọ́n rí ìyá àti ọmọ ní ọjọ́ kejì sí ìkẹta, láàrin ọjọ́ keje sí ìkẹrìnlá, àti ní ọ̀sẹ̀ kẹfà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà jẹ́ ọjọ́ 42, ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà nìyẹn. Bí ẹbí bá fẹ́ ṣe ìjáde, tàbí tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ bá fẹ́ dúpẹ́ ní ìjọ, kí wọ́n so ó mọ́ ọjọ́ yẹn: aṣọ tuntun lówùúrọ̀, kílíníìkì, lẹ́yìn náà oúnjẹ.

N kò lè dáhùn fún ìyá ọkọ rẹ, n kò mọ̀ bóyá onísùúrù ni, n kò sì lè wo ara rẹ láti ibi tí mo wà. Bí o bá ti ń ta ẹ̀jẹ̀, tàbí tí wọ́n ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ ga, dókítà rẹ ni kó o tẹ̀ lé, kó o fi ìmọ̀ràn mi sílẹ̀. Ohun kan kù tó o gbọ́dọ̀ béèrè lọ́jọ́ kílíníìkì tó ń bọ̀: ṣé wọ́n ń gba ẹnì kan láàyè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń rọbí? Ọ̀pọ̀ yàrá ìrọbí wa kò ní kọ́tìnì láàrin ibùsùn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lé àwọn ẹbí jáde. Bí wọ́n bá ní obìnrin nìkan ni wọ́n ń gbà, mú orúkọ ẹnì kan lọ. Bí wọ́n bá ní àwọn kì í gba ẹnikẹ́ni, béèrè lọ́wọ́ mátíróònù fúnra rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nígbà tí oṣù mẹ́ta ṣì kù.